Wákàtí Mẹ́rin Tó Sọnù Nínú Ìwé Mama Tepaeru

Olè tó wọ ilé Mama Tepaeru lọ́jọ́ Àìkú kò jáde títí ó fi tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣe.

Ilẹ̀kùn náà ti ń fì láti ọdún márùn-ún tí ọkọ Mama ti kú. Àgbékọ́ rẹ̀ tòkè ti já, òkúta ni Mama fi máa ń tì í. Nígbà tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní aago mẹ́wàá, òkúta wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ẹnì kan ti gbé òkúta sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ilẹ̀kùn dúró ṣánṣán, wọ́n tilẹ̀ ti fi òróró sí àgbékọ́ rẹ̀ kí ó má baà máa ké. Ṣùgbọ́n àwòrán Papa Kimi, ọkọ rẹ̀, tó ti wà lára ògiri pálọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Tẹlifíṣọ̀n wà. Òrùka ìgbéyàwó tí Mama bọ́ nítorí ìka rẹ̀ tó wú wà lórí tábìlì. Àwòrán nìkan ló lọ.

Sájẹ́ǹtì Akaiti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti fi ṣe ọlọ́pàá ní erékùṣù Rarotonga. Ó mọ olè tó ń wá ọtí, ó mọ èyí tó ń gun alùpùpù ẹni ẹlẹ́ni káàkiri etíkun. Èyí tó ń gbé òòlù wá láti ilé, kò tíì pàdé rẹ̀ rí.

“Mi ò ní kí o mú ẹnikẹ́ni, Akaiti,” ni Mama wí. “Kí ó ṣáà dá àwòrán mi padà kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mò ń rìnrìn-àjò.”

“Ibo lẹ ń lọ, Mama?”

“Perth. Mò ń lọ rí Teokotai.”

Akaiti gbójú sókè. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Mama Tepaeru, gbogbo abúlé Arorangi ló sì mọ̀ pé dókítà ti kìlọ̀ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò lè gba ìrìn-àjò gígùn lójú òfuurufú. Teokotai ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti lọ sí Ọsirélíà, kò sì wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá òun kò fún òun láyè. Mama fẹ́ gbé àwòrán yẹn lé ọmọ náà lọ́wọ́, kó rí ojú bàbá rẹ̀ bó ti rí lọ́dún tó kú.

Mama ka ìrìn-àjò náà sí i létí bí ẹni ń ka sáàmù. Wákàtí mẹ́rin láti Rarotonga dé Auckland. Oorun alẹ́ kan níbẹ̀. Wákàtí méje àti díẹ̀ láti Auckland dé Perth, nítorí pé atẹ́gùn máa ń dojú kọ bàálù tó bá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kìlómítà lọ.

“Ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀?”

“Rárá o. Bí mo bá sọ fún un, á ní kí n má wá. Màá kàn kanlẹ̀kùn ni.”

Akaiti ti ilẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́. Òun náà mọ ọ̀nà yẹn lórí. Mareta ọmọ rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Perth, ọdún mẹ́fà rèé tí kò tíì fojú kàn án. Àìmọye ìgbà ló ti jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá, tí iṣẹ́ kò sí, tí ó ń ṣírò wákàtí wọ̀nyẹn bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀: mẹ́rin, méje, mẹ́rin, méje.

*

Ẹni àkọ́kọ́ tí gbogbo àdúgbò nàka sí ni Papa Ngari, káfíńtà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Mama. Òun àti Mama ti ń fa ààlà ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, òun nìkan ló sì ní irinṣẹ́ nítòsí. Akaiti bá a níbi tó ti ń fá pákó.

“Papa, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ tún ilẹ̀kùn Mama Tepaeru ṣe.”

“Èmi?” Ngari ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Bí mo bá tún ilẹ̀kùn obìnrin yẹn ṣe, á ní mo fẹ́ gba ilẹ̀kùn mọ́ ilẹ̀.”

Ó rán an létí pé òun lòun ń léwájú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, láti aago mẹ́wàá títí tí wọ́n fi jáde. Òótọ́ ni. Mama fúnra rẹ̀ ti ṣàròyé pé ohùn rẹ̀ kò dùn lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn kì í jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ simi. Ngari fi pákó sílẹ̀, ó tẹ̀ lé Akaiti gba ẹ̀yìnkùlé, ó fi àtàǹpàkò tẹ àgbékọ́ náà.

“Wò ó. Kò kan ìṣó kankan. Èèkàn igi líle ló gé, tó gbá wọ inú ihò. Kimi nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Iṣẹ́ àwọn ará Atiu nìyí.”

Papa Kimi, ọmọ erékùṣù Atiu ni. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, ṣùgbọ́n Mama kọ̀, ó sin ín sí iwájú ilé ní Arorangi, níbi tí òun yóò ti máa rí sàréè rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Láti ọjọ́ náà, ará Atiu kankan kò tẹ ẹnu ọ̀nà Mama mọ́. Akaiti rò pé ọ̀rọ̀ ti yé òun: wọn ò rí òkú gbà, wọ́n wá gba àwòrán.

Ó fóònù Maara, ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó wà ní Atiu. Nígbà tí Maara gbọ́ ọ̀rọ̀ àwòrán, ó dákẹ́ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ó ní òun máa wádìí. Kò pe padà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Akaiti tún fóònù, ìyàwó rẹ̀ ló gbé e, ó ní ọkọ òun ti lọ pẹja sójú òkun. Akaiti dúpẹ́. Gbogbo ọlọ́pàá Rarotonga ló mọ̀ pé Maara kì í lè wọ ọkọ̀ ojú omi láì bì.

Ẹni tó ń pa irọ́ tí kò jọ òótọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ẹnì kan tó ń dáàbò bò. Ta ni?

*

Lọ́jọ́rú, Akaiti padà sí ilé Mama, kó lè bi í bóyá ẹbí ọkọ rẹ̀ kankan ti kọ̀wé sí i. Mama kò dáhùn tààrà. Ó gbé ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ ti ṣí jáde, ó ní kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí òun, àfi òun tí òun ń kọ nǹkan sílẹ̀. Lọ́jọọjọ́ Àìkú ní aago mẹ́ta ọ̀sán, Teokotai máa ń pe fóònù ilé, fóònù àtijọ́ tí kì í fi nọ́ńbà hàn. Bó bá ti gbé e sílẹ̀ báyìí, Mama yóò kọ ohun tó sọ, kó lè tún un kà láàárín ọ̀sẹ̀.

Akaiti ń ṣí ìwé náà nítorí pé ó yẹ kó ṣí i. Ọ̀rọ̀ ṣókí ṣókí ni. “Teo ń mu tíì àárọ̀. Ó ní òtútù mú.” “Teo ń mu tíì. Ó béèrè bóyá igi gbẹ̀rẹ̀fútù ti so.” Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ láti ọdún dé ọdún. Nígbà tó dé àárín ìwé, ọwọ́ rẹ̀ dúró. “Teo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán.” Ọ̀sẹ̀ kejì: “Teo ń jẹun ọ̀sán.” Láti ibẹ̀ lọ, kò sí tíì àárọ̀ kankan mọ́. Oúnjẹ ọ̀sán ni títí dé ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọjọ́ tí olè wá.

Ẹlòmíràn ì bá má rí i. Ṣùgbọ́n aago mẹ́ta ọjọ́ Àìkú ni Akaiti náà máa ń pe Mareta, láti ọdún mẹ́fà. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa ń jẹ́ lọ́hùn-ún, ọmọ náà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, yóò máa jẹ búrẹ́dì àárọ̀, oorun yóò sì máa dùn ún lójú. Kò sẹ́ni tó ń jẹun ọ̀sán ní aago mẹ́sàn-án ní Perth. Bí ó bá ti jẹ́ aago mẹ́ta ní Rarotonga, ìlú tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán ni Auckland, níbi tó jẹ́ aago kan.

Wákàtí mẹ́rin ti sọnù láàárín ojú ìwé méjì. Ọkùnrin yìí ti kúrò ní Perth láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kò sì sọ fún ìyá rẹ̀.

“Kí lo rí?” ni Mama béèrè.

“Kò sí nǹkan, Mama. Ìwé yín ló dára.”

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun ní ìwé náà di ọjọ́ kejì. Kò rọrùn fún Mama láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ wé e kó tó fi lé e lọ́wọ́.

*

Ní ọ́fíìsì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Akaiti ti gbé fóònù láti pe àwọn ọlọ́pàá Auckland kó tó tún wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú oṣù Èrèlé ọdún tó kọjá, Mama kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ọjọ́ Àìkú mẹ́ta léra wọn: “Kò pè.” Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Mama kọ ọ́ pé Teo ní wọ́n rán òun lọ sí ibùdó ìwakùsà tí fóònù kì í dé.

Akaiti rántí oṣù náà. Ìjì jà. Ó ṣí díẹ̀ nínú àwọn òrùlé Rarotonga, ṣùgbọ́n fóònù ń ṣiṣẹ́, nítorí pé òun àti Mareta sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí ìjì náà ti wó òpó fóònù lulẹ̀, tí àwọn ènìyàn kò gbọ́ ohùn ará ilé wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Atiu ni.

Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Kí ni ìjì Atiu ṣe fún ẹni tó wà ní Auckland? Kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ó pa lẹ́nu mọ́ wà ní Atiu fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà ti gbé Auckland nígbà kan, ó ti kọ́ bí wọ́n ti ń ṣírò aago ibẹ̀ sí ti ilé, ó sì gbàgbé pé ti Perth yàtọ̀. Ìyá ń ka ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kìlómítà, ọmọ sì wà níbi tí bàálù kékeré máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú márùnlélógójì.

Ó kù kó rí i dájú. Ilé iṣẹ́ fóònù ní àfi kó gba ìwé láti kóòtù, ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyẹn. Bàálù Mama máa gbéra lọ́túnla. Akaiti gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ó ní kí akọ̀wé bàálù kékeré jẹ́ kí òun wo orúkọ àwọn tó wá láti Atiu lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, tí wọ́n sì padà lọ́jọ́ Ajé. Mẹ́ta péré ni wọ́n. Obìnrin méjì, àti Papa Paerau, àbúrò Papa Kimi.

“Ṣé o rí Papa Paerau yẹn fúnra rẹ?” ni Akaiti bi akọ̀wé.

“Mo rí i. Ó yára rìn, ó gbé àpò irinṣẹ́ dání.”

Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Papa Paerau.

*

Papa Paerau jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Atiu, ó ń ṣa kọfí pupa kúrò nínú èyí tí kò tíì pọ́n, nígbà tí Akaiti dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

“Papa, ẹ kú ìrìn-àjò. Wọ́n ní ẹ wá sí Rarotonga lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ò sì yà kí wa.”

Bàbá náà wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí. “Bóyá ẹsẹ̀ kejì ló dá lọ,” ló wí.

Akaiti rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ rọ̀. Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ tọ́ka sí oko.

Láàárín igi kọfí ló ti bá a, ọkùnrin ogójì ọdún kan tó ga, tó ní èjìká Papa Kimi. Nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá, kò sá. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí ọjọ́ náà tipẹ́.

Kò pẹ́ kí ó tó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ti bá ọkùnrin kan jà ní Perth, ọkùnrin náà fara pa púpọ̀, wọ́n sì sọ òun sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìgbà tó jáde, ìjọba mú un láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n dé inú bàálù tó ń lọ sí Auckland, wọ́n ní kó má padà mọ́. Ó ṣe oṣù mẹ́jọ níbẹ̀, ó ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí. Àárò ilé wá fẹ́ pa á. Ó wọ bàálù lọ sí Rarotonga. Nígbà tí bàálù ń sọ̀kalẹ̀, ó rí òrùlé ìyá rẹ̀, ó rí sàréè funfun níwájú ilé.

“Mo jókòó sí pápákọ̀ fún wákàtí mẹ́ta,” ló wí. “Mama ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọ̀gá ni mí lọ́hùn-ún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dé pẹ̀lú àpò kan? Mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Atiu.”

“Gbogbo erékùṣù yìí sì bá ọ pa á mọ́.”

“Torí Papa ni. Wọ́n ní àwọn ò rí òkú rẹ̀ sin, ẹ jẹ́ kí àwọn tọ́jú ọmọ rẹ̀.”

Ó ní òun kò rí ojú bàbá òun mọ́ bí òun bá di ojú. Ìdí tí òun fi lọ mú àwòrán nìyẹn. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó rí òkúta tí ìyá rẹ̀ fi ń ti ilẹ̀kùn, kò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà kan náà, ó dúró lẹ́yìn ilé ọjà kan ní ìlú Avarua, ó fi fóònù pe ìyá rẹ̀ láti ibi tí kò tó ìrìn wákàtí méjì, ó ń tù ú nínú nítorí olè.

“Ẹ ó mú mi lọ, àbí?”

“Fún àwòrán bàbá rẹ? Òfin kankan ò sì sí lórí ilẹ̀kùn tó o tún ṣe.” Akaiti jókòó sórí agbọ̀n kan tó dojú dé. “Teokotai, gbọ́ mi. Lọ́la, ní aago méjì ààbọ̀, Mama máa wọ bàálù lọ sí Perth.”

Teokotai tún gbé agbọ̀n rẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

“Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ò lè gbé e. Ó mọ̀. Ó ní bí òun bá kú sójú ọ̀nà, òun ti sún mọ́ ọ díẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ lọ kanlẹ̀kùn ilé kan tí o ò sí nínú rẹ̀.”

Teokotai fi ọwọ́ méjèèjì di igi kọfí kan mú. Àwọn èso pupa bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀.

“Ẹ bá mi sọ fún un.”

“Mi ò ní sọ fún un. Bàálù kékeré ń gbéra níbí ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọ̀la. Mi ò ní de ọ́ lọ́wọ́, mi ò sì ní rán Maara sí ọ. Ó wà lójú òkun, ó ń pẹja.”

*

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Mama Tepaeru ti dé pápákọ̀ òfuurufú kó tó di aago mọ́kànlá. Àwọn ará ìjọ ti fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn débi pé àgbọ̀n rẹ̀ ló kù tó hàn. Ó gbé àpótí kan dání tí ẹja, ewé kókò àti ẹran dídì wà nínú rẹ̀. Akaiti, tó ti fi bàálù ìrọ̀lẹ́ padà dé, jókòó tì í. Mama béèrè ọ̀rọ̀ àwòrán lẹ́ẹ̀kan, Akaiti ní òun ṣì ń retí ẹnì kan. Ó ronú pé bí ọkùnrin yẹn kò bá wá, òun ni yóò sọ ọ́ fún ìyá yìí fúnra òun, kò sì tíì mọ gbólóhùn tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Bàálù kékeré dé nígbà tí aago méjìlá kù díẹ̀. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ọkùnrin méjì gbé àpò kọfí. Maara sọ̀kalẹ̀, ó rí Akaiti, ó sì yíjú sí òkè. Lẹ́yìn náà, ẹnu ọ̀nà bàálù ṣófo fún ìgbà díẹ̀.

Ẹnì kan tún jáde. Ó tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó sì di nǹkan fẹlẹ kan tí wọ́n fi aṣọ wé mọ́ àyà.

Mama kò kígbe. Ó dìde, ó di ọ̀pá irin ibi ìdúró mú, ó ń wò ó bó ti ń bọ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, ìrìn bàbá rẹ̀ gan-an. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Mama, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tirẹ̀.

“Ibo lo ti wọkọ̀?” ni Mama béèrè.

“Atiu, Mama.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó lé ní ọdún mẹ́ta.”

Akaiti rí i tí ètè Mama ń mì, ó mọ̀ pé ó ń ṣírò: ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ọdún mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùnlélógójì.

“Kò jìn,” ló wí níkẹyìn.

“Ó jìn, Mama. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.”

Mama bọ́ òdòdó kan kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì bọ́ òmíràn, títí ọrùn tirẹ̀ fi ṣófo. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí tó wà nílẹ̀.

“Gbé e. Ẹran inú rẹ̀ ti ń yọ́.”

Teokotai gbé àpótí lé èjìká, ó fi àwòrán sí abẹ́ apá kejì, ó ṣáájú. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú, bí ẹni tó ń rìn láàárín èrò, bẹ́ẹ̀ èrò kankan kò sí níbẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi ọkọ̀.